Ẹní Ọmọ Iṣẹ́

Ẹní kan, aṣọ méjì, abọ́ ìjẹun kan àti ìgò ọtí ṣìnáàpù tí ìyá rẹ̀ fi aṣọ wé: ohun tí bàbá mi gbé dé ilé ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tó lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kábíńtà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni bàbá mi, agboolé wọn wà ní Ìdúmàgbò. Ilé ọ̀gá wà ní ẹ̀yìn Òpópónà Bámgbóṣé, ní Pópó Àgùdà. Ọ̀nà náà kò jìn. Ọmọdé tó bá jẹun yó á fẹsẹ̀ rìn ín lọ, á fẹsẹ̀ rìn ín bọ̀, kò ní í rẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ bàbá bàbá mi kò gbà kí ó máa wálé sùn. Ó ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lójú ọjọ́, tó ń lọ sùn nílé ìyá rẹ̀ lálẹ́, ìdajì iṣẹ́ ni yóò kọ́, torí pé ìdajì kejì kì í jáde lọ́sàn-án.

Ọdún mẹ́fà ni bàbá mi fi tẹ́ ẹní yẹn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Lọ́dún àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ayùn. Ó ń gbálẹ̀. Ó ń pọnmi. Ó ń pọn àbíkẹ́yìn ọ̀gá sẹ́yìn nígbà tí ìyàwó ọ̀gá bá ń dáná. Bí pákó bá ti Òkò Bàbá dé, láti etí ọ̀sà ní Èbúté Mẹ́ta, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí wọ́n ń tò ó kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí a bá sọ èyí fún ọmọ òde òní, ìyà ni yóò pè é, kò sì purọ́ tán. Àwọn ọ̀gá kan wà tó sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹrú, tí ọdún mẹ́ta á pé, ọmọ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kan àpótí. Mi ò gbèjà irú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá mi kọ́ nídìí ìgbálẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbá èérún igi lójoojúmọ́, ọwọ́ àti imú rẹ̀ á mọ igi kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Eruku ìrókò ń ta nímú, ó ń múni sín. Igi ọmọ̀, tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, fúyẹ́ lọ́wọ́. Lálẹ́, bí wọ́n bá jẹun tán, tí ọ̀gá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á bu ẹ̀kúnwọ́ èérún igi, á nà án sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ nínú òkùnkùn. "Èwo nìyí?" Ẹni tó bá pè é ní ọ̀gànwó nígbà tó jẹ́ pé apá ni, òun ni yóò fọ gbogbo abọ́ alẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá mi fọ abọ́ títí. Nígbà tó máa di pé wọ́n fún un ní pléènì lọ́dún kejì, kò sí igi tó lè tàn án jẹ mọ́. Ó mọ ibi tí ara igi dorí kọ, ó mọ̀ pé béèyàn bá fá a lòdì sí ara rẹ̀, ṣe ni yóò máa hó wùúkú-wùúkú. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí pátákó fún un.

Èmi náà kọ́ iṣẹ́ igi, inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ, iṣẹ́ igi wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tíṣà á kọ orúkọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n fi ń so igi pọ̀ sára pátákó, a ó dà á kọ. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́yìn kíláàsì, tí ayùn, òòlù àti ṣísẹ́lì wà nínú rẹ̀. Àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí mo wọlé títí mo fi jáde. Mo gba máàkì tó dáa nínú ìdánwò. Inú ń bí mi sí i títí dòní, torí pé bàbá mi tí kò kàwé kọjá pírámárì ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ náà, láti inú owó ìlẹ̀kùn àti fèrèsé tó ń kàn, ó sì gbà pé wọ́n ń kọ́ mi ní ohun tó jù tòun lọ.

Ta ló kọ́ ọ̀gá bàbá mi? Ọmọ Àgùdà kan ni. Ta ló kọ́ ìyẹn? Bàbá rẹ̀, ní ilé kan náà. Béèyàn bá ń bá okùn yẹn lọ bẹ́ẹ̀, Bahia ni yóò já sí.

Ní 1835 ni àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde ogun sí àwọn tó kó wọn lẹ́rú ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Wọn ò borí. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ti ra ara wọn padà, àti àwọn tí ìjọba ibẹ̀ lé kúrò, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí etíkun wa. Àwọn mìíràn ti Kúbà wá. Àwọn tó sọ̀ ní Èkó, tí wọ́n ń pè ní Àgùdà, tẹ̀dó sí apá ìlà-oòrùn Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn Sàró, tó ti ilẹ̀ Sàró (Sierra Leone) padà wá, ti wà ní Ọlọ́wọ̀gbowó, àwọn Òyìnbó oníṣòwò jókòó sí Màrínà. Ohun tí Sàró gbójú lé jù ni ìwé; ohun tí Àgùdà gbójú lé ni ọwọ́ rẹ̀. Bíríkìlà wà nínú wọn, kábíńtà wà, télọ̀ wà, alágbẹ̀dẹ wúrà wà. Inú oko ẹrú ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ náà, lábẹ́ pàṣán, ní ilé tí wọn kò yàn láti gbé. Nígbà tí wọ́n máa padà wálé, kò sí ohun tí wọ́n kó jáde níbẹ̀ tó níye lórí tó o.

Orúkọ díẹ̀ nínú wọn kò parun. Lázaro Borges da Silva ni bíríkìlà, Francisco Nobre ni kábíńtà, tí wọ́n jọ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́ láti 1878 sí 1881, kí ilé ìjọsìn ńlá tó wà níbẹ̀ lónìí tó gba ipò rẹ̀. Balthazar dos Reis, kábíńtà mìíràn, ṣe tábìlì kan tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Anthony Laotan, tó kọ ìwé kékeré kan nípa àwọn Àgùdà Èkó ní 1943, nígbà tí àwọn tó mọ̀ wọ́n lójú kojú ṣì wà láyé.

Èyí tó máa ń gbà mí lọ́kàn jù ni ti Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, ní Òpópónà Martins. Mohammed Shitta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró, tó sì di ọlọ́rọ̀ nídìí òwò, ló ná owó rẹ̀ sí i. Ọdún 1892 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje, 1894, wọ́n ṣí i. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀, Súlútáànì Tọ́kì sì rán Abdullah Quilliam wá láti Liverpool pẹ̀lú oyè Bey fún Shitta. Gbogbo èyí ni ìwé ìtàn ń sọ ní àsọtúnsọ. Ohun tí wọ́n ń yára kọjá lára rẹ̀ ni pé ọ̀gá Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló darí iṣẹ́ náà, ọmọ Èkó kan tó ń jẹ́ Sànúsí Aka ló sì dúró tì í. Ẹ tún orúkọ méjèèjì pè: João Baptista, Sànúsí. Ọ̀kan gba orúkọ ẹni tó ri Jésù bọmi, èkejì ń ṣe kéwú. Iṣẹ́ ló so wọ́n pọ̀, ohun tí ọwọ́ kan mú ti Bahia bọ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ ọmọ Èkó.

Ẹ dúró níwájú mọ́ṣáláṣí yẹn, kí ẹ gbójú sókè. Ẹ ó rí iṣẹ́ ọnà olódòdó tí wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ṣe sára ògiri, lórí fèrèsé, lórí ẹnu ọ̀nà, lára òpó. Irú òdòdó bẹ́ẹ̀ ló wà lára púpọ̀ nínú ilé Àgùdà tó ṣẹ́kù. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ kì í ṣe òdòdó yíyà. Ohun tó ṣòro ni àkókò. Bí ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri bá ṣì rọ̀ jù, òdòdó á rọ̀ wálẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Bó bá ti le jù, á fọ́ sábẹ́ irin. Àárín méjèèjì kò pẹ́, kì í sì í ṣe ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́: ọjọ́ ọyẹ́ yàtọ̀ sí ọjọ́ òjò, ògiri tí oòrùn ń pa yàtọ̀ sí èyí tó wà níbòòji. Àwọn àgbà ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò ni. Bó ṣe yẹ kó rí lábẹ́ àtàǹpàkò, ta ló lè kọ ọ́ sílẹ̀? Ọ̀gá á tẹ̀ ẹ́, á ní "ó yá," ọmọ iṣẹ́ náà á tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá bá ń jẹun lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́, òun ni yóò sáré wọlé wá sọ fún ọ̀gá pé ó yá. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lára. Ta ló sì mọ̀ bóyá òru ni ọjọ́ náà máa bọ́ sí?

Bí iṣẹ́ bá níyì tó báyìí, kí ló dé tó fi ń tán lọ? Òyìnbó nìkan kọ́ ni ẹ̀bi ọ̀hún wà lọ́rùn rẹ̀. Láti 1859 tí ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ni ojú ti ń yí sí iṣẹ́ akọ̀wé. Ọ̀gá bíríkìlà tó kọ́ ilé alájà, tó lówó lọ́wọ́, kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa po amọ̀; lọ́yà ló fẹ́ kó dà. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Bàbá mi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Àwọn kan rí ewu yẹn lójú ayé wọn. Richard Beale Blaize, oníṣòwò Èkó tó tún ni ìwé ìròyìn Lagos Times, fi owó sílẹ̀ kó tó kú ní 1904, òun ni wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta rí i gbà. Èkó tó ti rówó náà kò ní irú rẹ̀ tí ọmọ Pópó Àgùdà lè ká ẹní lọ.

Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti gbìyànjú láti da ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀gá yẹn padà ní ọ̀nà tuntun. Láti 1947 sí 1954, fádà kan, Kevin Carroll, kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì: gbẹ́nàgbẹ́nà, ahunṣọ, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀gá tó fi ṣe olórí àwọn agbẹ́gilére ni Bámidélé, ọmọ Àrẹógún ará Òsì. Ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti bá a. Agbẹ́gilére ni bàbá Lámídì, agbẹ́gilére ni bàbá bàbá rẹ̀, òun náà sì ti ń gbẹ́ igi láti kékeré ní Ìlá Ọ̀ràngún. Síbẹ̀ ó tún jókòó ti Bámidélé fún ọdún mẹ́ta bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà lílé, tí wọ́n fi ń la ìrísí ère jáde lára ìtì igi, ó dé àlétúnlé, ó dé dídán, kí wọ́n tó jẹ́ kó fi ọ̀bẹ dé fínfín, tí wọ́n fi ń fín ojú, irun àti ìlà. Àwọn ìlẹ̀kùn tó jáde níbẹ̀ wà lára ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin: ìtàn Bíbélì ni wọ́n gbẹ́ sára òmíràn, ṣùgbọ́n ọba tó ń bọ̀ wá kí Jésù wọ agbádá, ó sì ní onílù níwájú. Iṣẹ́ àtijọ́ ló sọ ọ̀rọ̀ tuntun yẹn, kò sì sí ibi tó ti ṣe wọ́n ní kòbákùngbé.

Nike Òkúndayé, oníṣẹ́ ọnà, ni mo tún fẹ́ dárúkọ, torí pé ìrìn tirẹ̀ dé ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ oníbùsùn wà ní kíkún. Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú ni wọ́n ti bí i ní 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló gbé dàgbà, ahunṣọ ni ìyá náà. Ẹ kíyè sí i: ilé tó ń gbé ni iṣẹ́ wà. Ó dé Òṣogbo nígbà tí ọnà ń hó níbẹ̀ bí omi gbígbóná. Ní 1974, ó wà lára àwọn oníṣẹ́ ọnà Áfíríkà tó lọ kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà níṣẹ́ ní Haystack Mountain School of Crafts, ní ìpínlẹ̀ Maine. Ọdún 1950 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀; láti 1961 ló ti wà ní erékùṣù Deer Isle, ilé pákó lórí àpáta tó gẹ̀rẹ̀ lọ sínú òkun Àtìláńtíìkì, òkun kan náà tó ń lu etí Èkó. Àwọn èèyàn ń lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan: wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń jọ jẹun, dókítà lè jókòó ti kábíńtà, ẹni 20 ọdún ti ẹni 70 ọdún, amọ̀ tàbí òwú lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ohun tí bàbá bàbá mi sọ nípa ọ̀sán àti òru, àwọn ará ibẹ̀ náà ti rí i, wọ́n sì ń sanwó fún un.

Nígbà tí Nike padà wálé, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, àwọn obìnrin tí kò ní alátìlẹ́yìn, ń wá, wọ́n ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń kọ́ àdìrẹ, aṣọ híhun, àwòrán yíyà, ìlẹ̀kẹ̀ títò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti gba ibẹ̀ kọjá. Àwa ará Èkó mọ ilé alájà márùn-ún tó kún fún iṣẹ́ ọnà tó ṣí ní Lẹ́kì ní 2009. Ṣùgbọ́n nílé ìpàtẹ, iṣẹ́ tó ti parí la máa ń rí, a kì í rí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí aró, torí pé kò sí iṣẹ́ tó fi ìdí gbígbé-pọ̀ hàn tó o. Wọ́n á gún ewé ẹ̀lú, wọ́n á mọ ọ́n róbótó-róbótó, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sun igi di eérú, wọ́n á rọ eérú náà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọ́n á da omi sí i, omi tó bá kán sísàlẹ̀ ni wọ́n á fi rẹ ẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni ìdúró. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye rẹ̀ tán. Ìyá aláró ń jí lóru lọ ṣí i. Ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń wo ìfófó orí rẹ̀. Aró lè bàjẹ́ lóru kan bí ọmọ tí ibà mú. Lọ́sàn-án ni ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ á máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, á ya òpó Gbọ̀ngàn Màpó sára Ìbàdàndùn, á ya ẹyẹ, á ya ewé. Iṣẹ́ ọ̀sán nìyẹn. Bí aṣọ náà bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, kì í ṣe búlúù. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní. A ó gbé e sáfẹ́fẹ́, kí a sì tó wẹ̀yìn, àwọ̀ ewé yẹn á ti máa sá lọ láti etí aṣọ bọ̀ sí àárín, búlúù á máa gba ipò rẹ̀. A ó tún rì í bọ̀ ọ́. A ó tún gbé e sókè. Ẹni tó bá wá sídìí aró ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, tó sì lọ ní aago mẹ́rin, á rí búlúù yẹn, kò sì ní í mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru tó jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún mi. Wọ́n á ní fóònù ti wà. Òótọ́ ni, ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ ní Òkè Àrín fi hàn mí bó ṣe kọ́ ọrùn aṣọ ìyàwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì mọ̀ ọ́n rán. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé aṣọ mẹ́ta lòun bàjẹ́ kí òun tó mọ ohun tí òun ń ṣì, àti pé ojú ọ̀gá tó ń wòye ì bá ti rí i lójú ẹsẹ̀. Fóònù ń fi ọwọ́ ẹlòmíràn hàn wá, kò lè rí tiwa. Wọ́n tún máa ní ayé ti yí padà, kò sọ́mọ tó máa gbà kí ó gbé ilé ọ̀gá. Kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìdúmọ̀tà. Àwọn ọmọ Ígbò tó ń ṣòwò níbẹ̀ ṣì ń mú ọmọ láti ìlú wá, ọmọ náà ń gbé pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ọjọ́ tó bá sì pé, ọ̀gá á fún un lówó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Òwò ni ìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n ní Èkó ti òní yìí ni, ní àárín gbùngbùn erékùṣù wa, lójú gbogbo wa.

Ohun tó sọ gbígbé ilé ọ̀gá di ìṣòro fún wa ni àyè. Ilé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń wó, ilé ìtajà alájà mẹ́rin-márùn-ún ló ń hù nípò rẹ̀, ọjà ni wọ́n sì ń kó sínú yàrá tí èèyàn ń sùn tẹ́lẹ̀. Casa do Fernandez, tí Èkó mọ̀ sí Ìlọ́jọ̀ Bar, wà ní Ìta Tinúubú láti 1855. Àgùdà ló kọ́ ọ. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, 2016, ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Iléyá, nígbà tí àgbò ń ké ní gbogbo àdúgbò, wọ́n wó o palẹ̀. Ọdún 161 ló fi dúró. Àwọn òpó rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ kọdọrọ, iṣẹ́ irin ojú fèrèsé rẹ̀, kò sí bíríkìlà tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n tí kò lè lọ fọwọ́ kàn wọ́n. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gá ti kú, ara ògiri ni ẹ̀kọ́ wọn kù sí.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta, 2019, ilé kan ní Ìta Fàájì wó ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó fi katapílà kàn án. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀. Ogún èèyàn ló kú, àwọn ọmọ wà nínú wọn. Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ilé tó ń wó l'Ékòó ru bíríkìlà. Onílé tó ń fi alájà kún alájà wà níbẹ̀, àwọn tó yẹ kó ṣàyẹ̀wò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ilé 1855 tí a ní láti fi katapílà wó àti èyí tó wó lé àwọn ọmọ wa lórí, ohun kan já. Mo sì gbà pé ibi tó ti já ni ìgbà tí ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì kò ti sùn nílé ẹni tó ń kọ́ ọ mọ́, tí wọ́n ń gbà á síṣẹ́ lójúmọ́, tí wọ́n ń sanwó fún un nírọ̀lẹ́, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá tàbí ibi tó ń lọ.

Ilé kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà ní Òpópónà Broad ti di Freedom Park, ibi tí wọ́n ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀ ti di ibi orin àti eré. Ó fi hàn pé a lè yí ilé padà bí a bá fẹ́. Ilé Omi, ilé Àgùdà tí João Esan da Rocha kọ́ sí Kákáwà, ṣì wà lórí ìdúró. Kí ìjọba tàbí àwọn olówó ọmọ Èkó gba ọ̀kan nínú ilé Àgùdà tó ṣẹ́kù kí ó tó wó, kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì 20 sí òkè, kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́. Kí àtúnṣe ilé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n wá àwọn bàbá tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ ògiri wò. Wọ́n ṣì wà, wọn ò pọ̀ mọ́, òmíràn ń ta káàdì fóònù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kí wọ́n fún wọn ní yàrá nínú ilé náà, kí wọ́n san owó oṣù fún wọn bí wọ́n ṣe ń san án fún tíṣà. Kí aláró wà níbẹ̀, kí àwọn tó ń ṣe akẹtẹ̀ Ẹ̀yọ̀ wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ Lafíàjì àti Campos tó ń ran aṣọ àjọ̀dún Fàǹtí ní yàrá tiwọn. Kí ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán àga jókòó sí tábìlì kan náà pẹ̀lú ẹni tó máa fi igi kan án.

Lóṣù tó kọjá mo gbé pléènì bàbá mi jáde nínú àpótí. Mo ti ń fi epo kùn ún láti ọjọ́ tí bàbá mi kú, ojú irin rẹ̀ ṣì mú. Mo gbé e lọ sí ọ̀nà tóóró kan ní ẹ̀yìn Igbóṣẹ̀rẹ́, níbi tí kábíńtà kan tó ti lé ní 60 ọdún ń ṣiṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Ọmọ ọdún 17 ni, Ìkòròdú ni ilé wọn, nítorí pé owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù ló ṣe ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹní rẹ̀ wà níká lẹ́yìn pákó. Ọ̀gá rẹ̀ gba pléènì náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó dáadáa, ó gbé pákó àtijọ́ kan tí wọ́n yọ lára fèrèsé ilé tó wó sórí tábìlì, ó fá a lẹ́ẹ̀kan. Èérún igi kan jáde lẹ́nu irin, ó fẹ́lẹ́, ó ká róbótó, ó bọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá ọmọ náà sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un nílẹ̀, ó gbé e sí imú.